Àṣẹ Póòpù Lójú Àwọn Kristẹni Ìgbàanì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá, ọmọ ìjọ Àgùdà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, Onítẹ̀bọmi àti Àpọ́sítélì ló jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Bí ọ̀rọ̀ Póòpù bá ti bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Ẹnìkan á ní láti ọjọ́ Pétérù ni gbogbo ìjọ ayé ti ń gba àṣẹ lẹ́nu bíṣọ́ọ̀bù Róòmù. Ẹlòmíràn á ní ọba Constantine ló dá oyè náà sílẹ̀. Àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn kọ̀wé, púpọ̀ nínú ìwé wọn sì wà títí dòní. Àwọn ìwé náà kò gbe ẹnikẹ́ni tán pátápátá nínú àwọn tó ń jiyàn yìí. Láti ìgbà àwọn àpọ́sítélì títí dé ìgbà Gregory Ńlá, tó kú ní ọdún 604, ni ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé.

Ṣé Pétérù dé Róòmù lóòótọ́?

Ó dé ibẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Àwọn oníwàásù kan máa ń ní kò sí ẹsẹ Bíbélì tó sọ bẹ́ẹ̀ ní tààrà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìwé Pétérù Kìíní 5:13 kí àwọn ará láti “Bábílónì”, orúkọ tí àwọn Kristẹni fi ń ṣe àdàpè Róòmù. Lẹ́tà tí ìjọ Róòmù kọ sí Kọ́ríńtì ní nǹkan bí ọdún 96 dárúkọ Pétérù àti Pọ́ọ̀lù pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó jìyà dójú ikú. Ní nǹkan bí ọdún 170, Dionysius, bíṣọ́ọ̀bù Kọ́ríńtì, kọ̀wé pé àwọn méjèèjì kọ́ni ní Ítálì, wọ́n sì kú ikú ajẹ́rìíkú. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 200, ọmọ ìjọ Róòmù kan tó ń jẹ́ Gaius ní òun lè mú ènìyàn lọ wo ibi ìrántí wọn, ọ̀kan ní òkè Vatican, èkejì ní ojú ọ̀nà Óstíà. Kò sí ìlú mìíràn nígbà náà tó ní ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n sin Pétérù sí.

Pé Pétérù jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, bí a ṣe ń ka bíṣọ́ọ̀bù lónìí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyons, ló kọ orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Róòmù tó pẹ́ jù lọ tó dé ọwọ́ wa, ní nǹkan bí ọdún 180. Ó ní Pétérù àti Pọ́ọ̀lù ló fìdí ìjọ náà múlẹ̀, pé wọ́n sì fi iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù lé Linus lọ́wọ́. Lẹ́yìn àwọn àpọ́sítélì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó sì fi Eleutherus ìgbà tirẹ̀ sí ipò kejìlá. Àpọ́sítélì ni Pétérù nínú ìkà náà, kò kà á mọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù.

Ṣé bíṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ń darí ìjọ Róòmù láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ó jọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń mú Ignatius ti Áńtíókù lọ sí Róòmù láti pa á, ní àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kejì, ó kọ lẹ́tà méje. Nínú àwọn tó kọ sí àwọn ìjọ Éṣíà, agbègbè kan ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí, kò yé pariwo pé kí wọ́n má ṣe ohunkóhun lẹ́yìn bíṣọ́ọ̀bù wọn. Nígbà tó wá kọ̀wé sí Róòmù, kò fẹnu kan bíṣọ́ọ̀bù kankan níbẹ̀. Ìwé Hermas, tí wọ́n kọ ní Róòmù gan-an ní ọ̀rúndún kejì, ń sọ̀rọ̀ àwọn alàgbà tó ń ṣe olórí ìjọ. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìtàn, títí kan àwọn Kátólíìkì láàárín wọn, ló gbà pé ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ló ń tọ́jú ìjọ náà títí di nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kejì.

Lójú tèmi, èyí nìkan kò tó láti fi pa ẹnu Àgùdà mọ́, nítorí oyè lè dàgbà láti kékeré. Ó kàn jẹ́ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ya àwòrán Linus pẹ̀lú gbogbo agbára tí Póòpù ní lónìí.

Lẹ́tà Clement ńkọ́? Ṣé àṣẹ kọ́ ló pa fún ìjọ Kọ́ríńtì?

Àwọn kan ní Kọ́ríńtì ti yọ àwọn alàgbà tí wọn kò ṣẹ̀ kúrò nípò. Ìjọ Róòmù kọ lẹ́tà gígùn sí wọn, èyí tí a mẹ́nu bà lókè, pé kí wọ́n ronú pìwà dà, kí wọ́n sì tẹrí ba fún àwọn alàgbà wọn, wọ́n sì rán ọkùnrin mẹ́ta lọ pẹ̀lú ìwé náà. Ohùn wọn le. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣàìgbọràn sí ohun tí Ọlọ́run sọ láti ẹnu àwọn ń kó ara rẹ̀ sínú ewu tí kò kéré. Ìjọ Kọ́ríńtì kò sì kà á sí àfojúdi. Nígbà ayé Dionysius, wọ́n ṣì ń ka lẹ́tà náà nínú ìsìn wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ ka bí lẹ́tà náà ṣe bẹ̀rẹ̀: “ìjọ Ọlọ́run tó ń ṣe àtìpó ní Róòmù” ló ń kọ̀wé sí “ìjọ Ọlọ́run tó ń ṣe àtìpó ní Kọ́ríńtì”. “Àwa” ló wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀. Orúkọ Clement, tí Irenaeus kà mọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, kò jáde nínú rẹ̀, àwọn tó wá lẹ́yìn ló sọ fún wa pé òun ló kọ ọ́. Nínú orí márùndínláàádọ́rin tí lẹ́tà náà ní, Ìwé Mímọ́ ni wọ́n fi ń rọ àwọn ará, kò sì sí ibì kan tí wọ́n ti ní àwọn ń sọ̀rọ̀ lórí àga Pétérù. Ìjọ kan tó mọ̀ pé òun ní ohùn láwùjọ ìjọ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ́ àṣẹ ẹnìkan ṣoṣo.

Kí ni Irenaeus ní lọ́kàn nígbà tó ní gbogbo ìjọ gbọ́dọ̀ bá Róòmù fìmọ̀ ṣọ̀kan?

Àwọn olùkọ́ kan dìde ní ìgbà Irenaeus tí wọ́n ní àwọn àpọ́sítélì fi ẹ̀kọ́ ìkọ̀kọ̀ kan sílẹ̀, pé àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Irenaeus dá wọn lóhùn pé bí ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, àwọn tí àwọn àpọ́sítélì fi ìjọ lé lọ́wọ́ ni ì bá mọ̀ ọ́n. Ó ní kí ènìyàn lọ wo orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù láti ọ̀kan dé èkejì, kó gbọ́ ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni ní gbangba. Nítorí pé àkókò kò sí láti ka ti gbogbo ìjọ, ó mú Róòmù, ìjọ tó tóbi tí gbogbo ayé mọ̀, ó sì ní dandan ni kí gbogbo ìjọ bá a fìmọ̀ ṣọ̀kan nítorí ipò àgbà tó ga jù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èdè Gíríìkì tó fi kọ ibẹ̀ ti sọnù, ti Látìn nìkan ló kù. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì fi bára wọn gbà lórí bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ohun tí àwọn tó ń fa gbólóhùn yìí yọ kì í sábà kà ni ìyókù. Kété lẹ́yìn rẹ̀, Irenaeus tún pe Smyrna àti Éfésù gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó sì ní bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, àwọn ìjọ tó pẹ́ jù lọ, tí àwọn àpọ́sítélì gbé inú wọn, ni ká lọ bá. Róòmù ló ṣíwájú nínú àwọn ẹlẹ́rìí náà, kì í ṣe òun nìkan.

Ǹjẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Róòmù kankan gbìyànjú láti pàṣẹ fún gbogbo ayé ní ìgbà àtètèkọ́ṣe yẹn?

Victor gbìyànjú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 190. Ìwé ìtàn àwọn Póòpù sọ pé ọmọ Áfíríkà ni. Ọjọ́ Àjíǹde ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ìjọ Éṣíà ń ṣe Ìrékọjá ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù àwọn Júù, ọjọ́ yòówù kó bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀. Róòmù àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní ọjọ́ Àìkú nìkan ni àwọ́n máa ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé rí. Ní nǹkan bí ọdún 155, Polycarp ti Smyrna wá bá Anicetus ní Róòmù. Kò sí èyí tó lè yí èkejì lọ́kàn padà. Síbẹ̀ Anicetus bu ọlá fún àlejò rẹ̀, ó jẹ́ kó ṣe ìsìn Ara Olúwa nínú ìjọ Róòmù, wọ́n sì pínyà ní àlàáfíà.

Victor kò tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Ó ní kí wọ́n ṣe àpérò níbi gbogbo. Polycrates, bíṣọ́ọ̀bù Éfésù, kó àwọn bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jọ gẹ́gẹ́ bí Victor ṣe béèrè, ó sì fi èsì ránṣẹ́: ìbátan òun méje ló ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù, òun ni ìkẹjọ, ọdún márùndínláàádọ́rin ni òun sì ti lò nínú Olúwa, ìhàlẹ̀ kò lè ba òun lẹ́rù, ti Ọlọ́run ni àwọn yóò gbọ́ ju ti ènìyàn lọ. Inú bí Victor, ó fẹ́ yọ gbogbo Éṣíà kúrò nínú ìdàpọ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù dìde sí i. Irenaeus alára, ẹni tó yin Róòmù lókè yìí, tó sì ń ṣe Àjíǹde ní ọjọ́ Àìkú bíi ti Victor, kọ̀wé bá a wí pé kò yẹ kó gé odidi ìjọ kúrò nítorí àṣà tí wọ́n bá lọ́wọ́ baba wọn, ó sì rán an létí Anicetus àti Polycarp.

Àwọn Àgùdà máa ń tọ́ka sí i pé kò sẹ́ni tó sọ fún Victor pé kò ní agbára láti ṣe é, pé wọ́n kàn ní kó má ṣe é ni. Àkíyèsí tó dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Polycrates kọ̀ fún un, kò sí ẹni tó ka Polycrates sí aládàámọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe túmọ̀ “orí àpáta yìí ni èmi ó kọ́ ìjọ mi lé”?

Wọ́n kò túmọ̀ rẹ̀ bákan náà, kódà lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo. Origen, olùkọ́ Bíbélì ní Alẹkisáńdíríà, pe Pétérù ní ẹni tí a kọ́ ìjọ Kristi lé, ṣùgbọ́n nínú àlàyé tó ṣe lórí Mátíù, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́wọ́ Kristi bíi Pétérù ti di àpáta pẹ̀lú. John Chrysostom, oníwàásù ńlá ti Áńtíókù, sọ pé ìgbàgbọ́ tí Pétérù fi ẹnu jẹ́wọ́ ni àpáta náà. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Áfíríkà, ṣàyẹ̀wò ní òpin ayé rẹ̀ àwọn ìwé tó ti kọ. Ó ní ìgbà kan wà tí òun sọ pé Pétérù ni àpáta náà, pé lẹ́yìn náà òun túmọ̀ rẹ̀ sí Kristi fúnra rẹ̀, kí ẹni tó ń kà á yan èyí tó wù ú. Leo Ńlá, Póòpù láti 440 sí 461, kò ṣiyèméjì ní tirẹ̀: Pétérù ni, Pétérù sì ń bá iṣẹ́ lọ nínú ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀.

Wọ́n gbé Pétérù ga gan-an, gbogbo wọn. Afárá láti Pétérù sí bíṣọ́ọ̀bù Róòmù nìkan ni ọ̀rọ̀ ti ń yàtọ̀.

Àwọn Kristẹni Áfíríkà ńkọ́? Kí ni Cyprian gbà gbọ́?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti jà á tọkàntọkàn tó Kátéèjì, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tùnísíà lónìí. Cyprian di bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 248. Nígbà tí ìyapa bẹ́ sílẹ̀ ní Róòmù ní 251, tí Novatian ń bá Cornelius du ipò bíṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn Cornelius ni Cyprian wà. Ó pe Róòmù ní “àga Pétérù” àti ìjọ àgbà tí ìṣọ̀kan àwọn àlùfáà ti sun jáde. Ọdún yẹn náà ló kọ ìwé lórí ìṣọ̀kan ìjọ. Orí kẹrin ìwé náà dé ọwọ́ wa ní oríṣi méjì: ọ̀kan sọ̀rọ̀ ipò àkọ́kọ́ tí a fún Pétérù ní kedere, èkejì ní ohun tí Pétérù jẹ́ ni àwọn àpọ́sítélì yòókù jẹ́. Nígbà kan rí wọ́n fẹ̀sùn kan Àgùdà pé wọ́n yí i. Lónìí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé Cyprian fúnra rẹ̀ ló kọ méjèèjì.

Kí ló lè mú un tún un kọ? Ìjà òun àti Stephen ni wọ́n fura sí. Stephen di bíṣọ́ọ̀bù Róòmù ní 254. Bí ẹni tí àwọn oníyapa ti ṣèrìbọmi fún bá padà sínú ìjọ, ṣé kí wọ́n tún un ṣe? Cyprian àti àwọn ará Áfíríkà ní kí wọ́n ṣe é, nítorí ẹni tí kò ní Ẹ̀mí kò lè fún ẹlòmíràn. Stephen ní rárá, kí ẹnikẹ́ni má mú ohun tuntun wọlé, gbígbé ọwọ́ lé wọn tó.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù September 256, bíṣọ́ọ̀bù mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún péjọ sí Kátéèjì. Cyprian ní kí oníkálùkù sọ èrò rẹ̀, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó fi ara rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù àwọn bíṣọ́ọ̀bù, tàbí tó fi ìhàlẹ̀ fipá mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ràn. Gbogbo wọn dìbò tako èrò Stephen. Stephen kọ̀, kò tilẹ̀ gba àwọn ìránṣẹ́ tí Áfíríkà rán sí i. Firmilian, bíṣọ́ọ̀bù Kesaréà ní Kapadókíà, kọ lẹ́tà gbígbóná sí Cyprian. Ó ní Stephen ń fi ipò àga rẹ̀ yangàn, ó ń sọ pé òun ló jogún Pétérù, bẹ́ẹ̀ bó ṣe rò pé òun ń yọ gbogbo ènìyàn, ara rẹ̀ ló yọ.

Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́tà tí Stephen fúnra rẹ̀ kọ kò dé ọwọ́ wa, àyàfi gbólóhùn tí àwọn tó ń bá a jà fà yọ. Ohun kan sì wà tí àwọn tó fẹ́ràn láti fi Cyprian na Àgùdà gbọ́dọ̀ gbà: lórí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi náà, ìhà ti Stephen ni ìjọ Ìwọ̀-Oòrùn dúró sí nígbẹ̀yìn. Àpérò Arles ní 314 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, Augustine, ọmọ Áfíríkà, sì fi odidi ìwé gbè é. Nítorí náà, Stephen lẹ́tọ̀ọ́ lórí ẹ̀kọ́, Cyprian sì kọ̀ láti gbà pé Stephen lè fi àṣẹ lásán mú òun. Òtítọ́ ni méjèèjì.

Stephen kú ní 257. Wọ́n bẹ́ Cyprian lórí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù September 258. Ìjọ Róòmù kò kà á sí ọ̀tá. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ wà nínú àdúrà ńlá ti Máàsì Róòmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Cornelius. Inú mi máa ń dùn sí èyí gan-an.

Ṣé Constantine ló dá oyè Póòpù sílẹ̀?

Rárá. Ọdún 256 ni Stephen ti ń pe ara rẹ̀ ní àrólé Pétérù, ó sì tó àádọ́ta ọdún kí Constantine tó gorí ìtẹ́. Ní àpérò Nísíà ní 325, tí Constantine pè, Sylvester tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Róòmù kò lọ, àlùfáà méjì ló rán. Òfin kẹfà àpérò náà fún bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní àṣẹ lórí Íjíbítì, Líbíà àti Pentapolis, ó ní nítorí irú àṣà kan náà wà fún bíṣọ́ọ̀bù Róòmù. Àṣẹ tó láàlà lórí agbègbè ni òfin náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojúrere ọba àti dúkìá jẹ́ kí ipò Róòmù lágbára sí i lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ìyẹn.

Ṣé ènìyàn lè pẹjọ́ kọ́tẹ́milọ́rùn sí Róòmù nígbà náà?

Ó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé bíṣọ́ọ̀bù Athanasius kúrò ní Alẹkisáńdíríà, Róòmù ló sá lọ ní 339. Julius, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, gbà á, ó sì bi àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìlà-Oòrùn pé ṣé wọn kò mọ̀ pé àṣà ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn kí wọ́n tó dájọ́ ni. Àpérò Sardica ní 343 wá sọ ọ́ di òfin: bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá yọ nípò lè ké sí bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, òun yóò sì pinnu bóyá kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ọ̀pọ̀ bíṣọ́ọ̀bù Ìlà-Oòrùn ti bínú kúrò nínú àpérò yẹn, wọn kò bá wọn fọwọ́ sí i.

Ẹjọ́ Apiarius ló fi ibi tí agbára yìí dé hàn. Àlùfáà ni ní Sicca, ní Áfíríkà. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé e jáde nítorí ìwà burúkú, ó sì gba Róòmù lọ ní 418. Póòpù Zosimus gbà á, ó rán aṣojú lọ sí Áfíríkà, ó sì tọ́ka sí òfin tó ní ó wá láti Nísíà. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà, Augustine wà láàárín wọn, wo ìwé tọwọ́ wọn, wọn kò rí òfin náà. Wọ́n fọ̀wọ̀ dá Póòpù lóhùn, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Kọnsitantinópù àti Alẹkisáńdíríà pé kí wọ́n fi ẹ̀dà tiwọn ránṣẹ́. Ẹ̀dà náà dé, òfin náà kò sí nínú rẹ̀. Ti Sardica ni, wọ́n kàn kọ ọ́ pọ̀ mọ́ ti Nísíà nínú ìwé Róòmù ni.

Apiarius tún hùwà burúkú, ó tún sá lọ bá Póòpù Celestine, wọ́n tún dá a padà pẹ̀lú aṣojú. Níwájú àpérò, ẹ̀rí ọkàn mú un, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù wá kọ̀wé sí Celestine pé kó má máa yára gba àwọn tí àwọn ti lé jáde. Wọ́n bi í pé ta ni yóò gbà pé Ọlọ́run lè fi òye ìdájọ́ han ẹnìkan, kó sì fi í du àìmọye àlùfáà tó péjọ sí àpérò. Wọ́n ní kó má rán aṣojú sí àwọn mọ́, kí ìgbéraga ayé má baà wọ inú ìjọ Kristi. Ìjọ tó wà ní ìdàpọ̀ pẹ̀lú Róòmù, tó bọ̀wọ̀ fún Róòmù, ló kọ ìwé yìí.

Augustine kọ́ ló sọ pé “Róòmù ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ti parí”?

Kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwàásù kan ní 417, lórí ẹ̀kọ́ Pelagius, ẹni tó ní ènìyàn lè fi agbára ara rẹ̀ ṣe rere, Augustine ní àpérò méjì ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àga àpọ́sítélì, ìdáhùn sì ti dé láti ibẹ̀, ẹjọ́ ti parí, ì bá dára kí ìṣìnà náà parí pẹ̀lú. Ìdáhùn Róòmù ṣe pàtàkì lójú rẹ̀, ó hàn gbangba. Àpérò méjì ti Áfíríkà náà sì wà nínú ìṣirò rẹ̀.

Àwọn ìjọ Ìlà-Oòrùn ńkọ́?

Wọ́n gbà pé Róòmù ló ṣíwájú, ìdí tó fi ṣíwájú ni wọn kò jọ sọ bákan náà. Ní 381, àpérò Kọnsitantinópù fi bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà sí ipò ọlá tó tẹ̀lé ti Róòmù, nítorí pé Kọnsitantinópù, níbi tí ààfin ọba wà nígbà náà, ni Róòmù tuntun. Ẹni tó bá ti rí bí ètò ìjókòó ṣe ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọba wa yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ní Chalcedon, ọdún 451, wọ́n ka lẹ́tà Leo lórí Kristi. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù kígbe pé Pétérù ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu Leo. Igbe yìí ni Àgùdà máa ń rántí. Nínú igbe kan náà ni wọ́n ti ní bẹ́ẹ̀ ni Cyril, tó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, fi kọ́ni. Nígbà tí àwọn kan ṣiyèméjì lórí ìlà bíi mélòó kan, wọ́n fún wọn láyè láti fi lẹ́tà náà wé ìwé Cyril kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe òfin kejìdínlọ́gbọ̀n, tó ní àwọn baba fún Róòmù àtijọ́ ní ànfààní nítorí pé ìlú ọba ni, Róòmù tuntun náà yóò sì ní irú rẹ̀. Leo kọ òfin yìí pátápátá. Lójú tirẹ̀, Pétérù ló fún Róòmù ní ipò, kì í ṣe ààfin. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà sì kọ̀wé bẹ̀ ẹ́ pé kó fọwọ́ sí i, èyí tó fi hàn pé ìfọwọ́sí rẹ̀ jọ wọ́n lójú.

Ṣé Póòpù nìkan ló ń jẹ́ Póòpù?

Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn àlùfáà Róòmù pe Cyprian bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà wọn. Heraclas ti Alẹkisáńdíríà jẹ́ ẹ ní ọ̀rúndún kẹta, olórí ìjọ Copt ní Íjíbítì sì ń jẹ́ ẹ títí dòní. Gregory Keje ní 1075 ló ní kí ti Róòmù nìkan máa jẹ́ ẹ.

Ṣé òótọ́ ni pé Póòpù Gregory Ńlá kọ oyè olórí gbogbo ayé?

Òótọ́ ni. Bíṣọ́ọ̀bù Kọnsitantinópù, John tí wọ́n ń pè ní Aláàwẹ̀, ń lo oyè “bábá ìjọ gbogbo ayé”. Gregory bá a wí gidigidi, ó ní oyè ìgbéraga ni. Nígbà tí Eulogius ti Alẹkisáńdíríà wá pe Gregory fúnra rẹ̀ ní Póòpù gbogbo ayé ní 598, tó sì ní òun ṣe “gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe pàṣẹ”, Gregory ní kó mú ọ̀rọ̀ àṣẹ yẹn kúrò létí òun. Ó ní òun kò ka ohun tó dín ọlá àwọn arákùnrin òun kù sí ọlá. Ìránṣẹ́ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run ló ń pe ara rẹ̀.

Kí ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Gregory yìí kan náà ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà mìíràn pé ta ló ṣiyèméjì pé Kọnsitantinópù wà lábẹ́ àga àpọ́sítélì. Òun náà ló rán Augustine kejì, ti Canterbury, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gúnlẹ̀ sí Kent ní 597. Ìjọ Áńgílíkà tó rán àwọn míṣọ́nnárì wá sí Abẹ́òkúta, tó sì sọ Samuel Ajayi Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury gan-an ní 1864, ń tọpa ìtàn rẹ̀ lọ bá ẹni tí Póòpù rán níṣẹ́.

Kí ni àwọn ìjọ wá fẹnu kò sí lórí gbogbo èyí?

Ní 1870, àpérò Vatican Kìíní sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ìjọ Kátólíìkì pé Póòpù ní àṣẹ tààrà lórí gbogbo ìjọ, pé kò sì lè ṣìnà bó bá ń fi ipò rẹ̀ kéde ẹ̀kọ́ fún gbogbo ayé. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn ìjọ Ìlà-Oòrùn, àti Pùròtẹ́sítáǹtì kò gbà á. Ní 2007, àwọn aṣojú Kátólíìkì àti Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì jókòó ní Ravenna, ní Ítálì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Rọ́ṣíà bínú kúrò níbẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé nígbà tí ìjọ ṣì wà ní ọ̀kan, Róòmù ló wà ní ipò àkọ́kọ́, wọ́n sì tọ́ka sí gbólóhùn Ignatius pé òun ló ṣe olórí nínú ìfẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pé àwọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ipò àkọ́kọ́ yẹn fún bíṣọ́ọ̀bù Róòmù láṣẹ láti ṣe.